Àárẹ̀ Ìyàwó Oníṣègùn Tan

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gbogbo oníṣègùn tó wà lẹ́bàá odò wa ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn: oníṣègùn kì í wo ará ilé rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn abúlé kejì ló ń gbé e lọ, ìyẹn náà á sì gbé tirẹ̀ wá. Tan Bohuai mọ òfin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ló fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Suqin ìyàwó rẹ̀, ó ní ta ni kí òun gbé e lọ bá? Oníṣègùn abúlé kejì ti kú. Èyí tó wà ní abúlé kẹta, Tan ní kò mọ ewé yàtọ̀ sí koríko.

Oṣù mẹ́tàdínlógún rèé tí àárẹ̀ ti dé Suqin mọ́lẹ̀. Obìnrin tó máa ń gbé àpò egbò gun àtẹ̀gùn onígi inú ilé ìtajà bí ẹni gbé ìrọ̀rí, òun ló wá di ẹni tó ń fọwọ́ ti ògiri kó tó dé ilé ìdáná. Bó bá fọ abọ́ méjì, á jókòó. Bó bá ń ya irun, apá rẹ̀ á ti wálẹ̀ kó tó yà á dé ìdajì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké mẹ́sàn-án, wọ́n wo ọkàn, wọ́n wo ẹ̀dọ̀, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ sinmi. Ẹni tí kò ṣe ohun mìíràn ju ìsinmi lọ láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n ní kó lọ sinmi.

Lójú Tan, ohun tó tán ni. Qi, èémí tó ń gbé ara ró, ló ti gbẹ nínú ìyàwó rẹ̀ bí omi kànga nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó bá gbẹ, omi là ń bù sí i. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í se renshen fún un, gbòǹgbò ọ̀wọ́n tó rí bí ọmọ ènìyàn tó yọ ẹsẹ̀ méjì. Ó fi huangqi tí í fúnni lágbára sí i, ó fi ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ bí èékánná sí i, ó ń pa adìẹ eléegun dúdú fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Suqin ń mu ún. Kò kọ̀ ọ́ rí. Àárẹ̀ náà kò sì lọ rí. Ẹ̀rù kan wá ń ba Tan tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti rí i lára àwọn mìíràn bí ènìyàn ṣe ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná àtùpà, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò ní jí. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Tan kò mọ èyí tí òun ń wò mọ́.

Ní àràárọ̀, bó bá ti sẹ́ àgbo náà tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé pàǹtí ewé àti egbò tó kù jáde, á dà á sí àárín títì olókùúta níwájú ilé, bí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń ṣe, kí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lè tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì gbé àìsàn náà lọ, kálukú ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ tí kò lè pa á lára.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tan wà lẹ́yìn tábìlì ìtajà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn obìnrin méjì níta. Ó mọ ọ̀kan: Ìyá Gan tó ń ta tòfú, wàrà ẹ̀wà sóyà, aládùúgbò wọn, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá sọ̀rọ̀ sí i létí lówùúrọ̀, ọ̀rọ̀ náà á ti gba òdìkejì odò padà wá bá ọ lọ́sàn-án. Èkejì, ohùn ọmọdébìnrin ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí mi ò ní tẹ̀ ẹ́? Ká lè tẹ̀ ẹ́ náà ni wọ́n ṣe dà á síbẹ̀. Láti èṣí ni mo ti ń ru àárẹ̀ oníyẹn káàkiri, mi ò tíì rí ẹni sanwó aláàárù fún mi."

Tan na ọrùn. Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ti lóṣòó sí àárín títì. Ó ń fi ṣóńṣó agbòjò tú pàǹtí àgbo náà bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn.

"Renshen rèé," ni ọmọ náà wí. "Ó tóbi o. Huangqi nìyí. Èyí, ìwo àgbọ̀nrín ni. Ìyá, ta ló ń mu nǹkan yìí?"

"Kọ́kọ́ sọ ohun tó o rí ná."

"Ó tó ìgbà wo tó ti ń mu ún?"

"Ó lé lọ́dún kan dáadáa."

"Ó sì ti dìde?"

"Ká ní ó ti dìde ni, ṣé wọ́n á ṣì máa dà á sílẹ̀ fún mi?"

Ọmọbìnrin náà nu ṣóńṣó agbòjò rẹ̀ mọ́ òkúta. "A jẹ́ pé kì í ṣe àìní ló ń ṣe é. Bó bá jẹ́ àìní ni, ewúrẹ́ tó bá mu eléyìí fún oṣù mẹ́ta á máa fo odi. Nǹkan ló dí i nínú. Olè wà nínú ilé, oníṣègùn yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó wá ń gbé oúnjẹ wọlé fún un lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ èyí, ó yẹ kí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá Gan rẹ́rìn-ín títí apẹ̀rẹ̀ tòfú méjèèjì tó so kọ́ èjìká fi ń jó. "Ọmọ mi, bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Gbójú sókè, kó o ka ohun tí wọ́n kọ sórí ilẹ̀kùn iwájú rẹ yẹn."

Nígbà tí ọmọ náà fi máa gbójú sókè, Tan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá da omi yìnyín lé bàbá náà lórí, kò lè gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ló ti jókòó sínú ilé yẹn. Àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá a láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Ẹnìkan kò sọ ọ́ rí pé kí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, áńbọ̀sì ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àga tó fi ń jókòó.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Nie Caiping ni orúkọ mi, Bàbá. Ọmọ ọmọ Nie alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ odò ni mí. Iṣẹ́ ìṣègùn yìí náà ni mò ń ṣe nílùú tí mo wà. Mo wá gbá ojú sàréè bàbá àgbà ni, bí a ti ń ṣe lóṣù kẹta." Ojú ọmọ náà ti pọ́n. "Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò mọ̀ pé—"

"Má bẹ̀ mí. Irọ́ lo pa ni?"

Ọmọ náà tún wo pàǹtí tó wà nílẹ̀. "Rárá, Bàbá."

"Ó dáa, wọlé. Wá fọwọ́ kan aláìsàn náà fúnra rẹ. Bó o bá ṣi í, wàá fọ ìkòkò àgbo mi kó o tó padà sílùú."

"Bí mi ò bá ṣi í ńkọ́?"

Tan ti yí ẹ̀yìn padà. Ìyá Gan sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ìloro.

"Ìyá Gan, lọ ta tòfú rẹ."

"Tòfú ò lẹ́sẹ̀, Ọ̀gá Tan. Kò ní sá."

Suqin wà nínú yàrá ẹ̀yìn, lórí àga ọparun lẹ́bàá ìkòkò iná, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Abọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ti dì. Caiping kí i, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ìrọ̀rí kékeré, ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ náà, ó ń fetí sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lábẹ́ rẹ̀. Tan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò dúró síbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n bá ń yẹ aláìsàn wò nínú ilé náà. Kò tilẹ̀ mọ ibi tí òun máa gbé ọwọ́ sí.

"Lókè, ó tín-ín-rín bí òwú," ni Caiping wí nígbà tó yá. "Bàbá, ohun tí ẹ̀yin náà ń rí nìyẹn?"

"Òun ni. Àìní ni. Kí ni mo ti ń sọ?"

"Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé egungun rí?"

Tan ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá rántí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ọwọ́ yẹn, láràárọ̀, bí ẹni fọwọ́ kan ẹyin. Obìnrin tó ti rẹ̀ tó báyìí, ta ló fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́? Ó súnmọ́ wọn, ó fi ìka tirẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òwú náà pòórá. Lábẹ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nǹkan kan gbá a níka, ó le, ó nà tàntàn bí ọṣán ọrun tí wọ́n fà tí wọn ò jù sílẹ̀.

Ó mú ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

"Agbára inú ibí yìí kò tán, Bàbá," ni Caiping wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni." Ó yíjú sí Suqin. "Ìyá, ṣé ẹ máa ń sùn?"

"Ó ń sùn dáadáa," ni Tan dáhùn.

"Bàbá, ọwọ́ yín kọ́ ni mo dì mú."

Suqin wo ọmọ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Mi ò kì í sùn. Bó bá ti di aago mẹ́ta, ojú mi ti là nìyẹn."

"O máa ń sùn. Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń hanrun."

"Ìhanrun ara yín lẹ̀ ń gbọ́, Bàbá Ruohe. Èmi náà máa ń gbọ́ ọ."

Ìyá Gan fẹ́ rẹ́rìn-ín lórí ìloro, ó fi ikọ́ bò ó.

Ìbéèrè mẹ́wàá wà tí oníṣègùn gbọ́dọ̀ bi aláìsàn, Caiping sì ń tò ó lẹ́yìn ara wọn. Gbogbo ìdáhùn tó ń jáde lẹ́nu Suqin, tuntun ni létí Tan. Ẹnu rẹ̀ ń korò láàárọ̀ bí ẹni lá òróòro ẹja. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ wú bí ẹni ki àkísà sábẹ́ egungun rẹ̀. Oúnjẹ kì í kọjá àyà rẹ̀. Tan ń wò ó. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń jẹun lórí tábìlì kan, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n gbé obìnrin àjèjì wọlé láti inú ọkọ̀.

"Bí ẹ bá mu àgbo yìí tán ńkọ́?"

Suqin wo ìkòkò àgbo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. "Bí ìgbà tí wọ́n de ìdérí mọ́ ìkòkò tó ń hó."

"Ojoojúmọ́ lo ń mu ún," ni Tan wí, ohùn rẹ̀ ti yí. "Oṣù mẹ́tàdínlógún. O ò sì sọ."

"Ẹ ò bi mí. Bí Ìyá Gan bá ní orúnkún ń dun òun, ẹ máa ń bi í ní ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tèmi, 'yọ ahọ́n' lẹ̀ ń wí. Kí n tó yọ ọ́ tán, ẹ ti ń wọn egbò."

"Kí ló dé tó o wá ń mu ohun tó ń ni ọ́ lára?"

"Ẹ̀yin lẹ sè é. Mo máa ń rí bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n bí ẹ bá ń gé renshen yẹn."

Caiping tún yíjú sí Suqin. "Ìyá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ọdún tó ṣáájú èṣí. Lówùúrọ̀."

Aláìsàn kì í mọ ọjọ́ tí àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ìgbà òtútù ni, tàbí ìgbà ìkórè. Caiping gbé ojú sókè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Bàbá Ruohe ni kó o bi."

Tan wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí nǹkan. Ó mi orí.

"Ọjọ́ tí Ruohe bímọ ni," ni Suqin wí. Ruohe ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Dongguan, lápá gúúsù, ìrìn àjò ọ̀sán kan òru kan. "Mo wà lórí àtẹ̀gùn, àpò egbò wà léjìká mi. Fóònù dún, ẹ gbé e. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ibi tí mo wà. Ó ní, 'Bàbá, mo ti bí o, ẹ ní kí Mámà máa bọ̀.' Ẹ wo ìta, ẹ rí i pé àwọn oníkọ́ tò dé etí odò. Ẹ ní, 'Ara ìyá rẹ kò le. Kò lè rìnrìn àjò.'"

Nílẹ̀ wa, bí ọmọbìnrin bá bímọ, oṣù kan ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi tútù, ìyá rẹ̀ ló sì ń lọ tọ́jú rẹ̀. Ìyá tí kò bá lọ, ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ nínú òjò.

Tan rántí. Ọ̀rọ̀ náà dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú òórùn egbò àárọ̀ ọjọ́ yẹn àti ikọ́ àwọn tó ń dúró. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tilẹ̀ bọ́ lójú ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún Ruohe lọ́sẹ̀ kejì."

"Ẹ gbàgbé."

"Mo gbàgbé," ni Tan wí.

"Mi ò lè bá yín jà níwájú ogún aláìsàn. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo ń bá yín wọn egbò. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ mi kọ àtẹ̀gùn. Ẹ má rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Èmi náà ń wò ó, ẹnu yà mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó tún ti lóyún, oṣù tó ń bọ̀ ló máa bí. Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi."

Tan gbá ògiri mú. Lóòótọ́ ló mọ̀. Ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni Ruohe ń pè é. Ó fi í pamọ́ kí ọkàn ìyàwó rẹ̀ má baà dàrú. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ má wò mí, Ọ̀gá Tan," ni Ìyá Gan wí láti ìloro. "Ẹ ò ní kí n má sọ ọ́."

Caiping ti fa bébà jáde, ó ń kọ̀wé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tan, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń gbé e fún ọ̀gá. Kò sí renshen níbẹ̀. Chaihu ló ṣáájú, egbò tí í tú ohun tó bá dì. Èèpo ọsàn gbígbẹ tẹ̀ lé e, àti nǹkan mẹ́rin mìíràn. Tan mọ àkójọ náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ fún ìyàwó ẹlòmíràn àìmọye ìgbà. Níjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ló kọ ọ́ fún aya aránṣọ, kìkì nítorí pé obìnrin náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó. Suqin ti ń mí kanlẹ̀ létí rẹ̀ láti oṣù mẹ́tàdínlógún, ó rò pé atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn ni. Bí ojú bá fara balẹ̀, á rí imú. Ojú tirẹ̀ ń wo etí odò.

"Màá mu ún," ni Suqin wí. "Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe Ruohe. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Kí n máa gbọ́."

Tan tẹ fóònù, ó gbé e sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Bàbá, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi lónìí. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ruohe, nígbà tó o bí àkọ́kọ́, mo ní ara ìyá rẹ kò le. Irọ́ ni mo pa. Ara rẹ̀ le. Ó gbé àpò egbò léjìká nígbà tí mò ń sọ ọ́. Àwọn aláìsàn ló pọ̀, mo fẹ́ kó dúró bá mi wọn egbò."

Wọ́n gbọ́ tí ọmọ kékeré kan ń fi ṣíbí lu nǹkan lọ́hùn-ún.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mámà tó ru àpò ìrẹsì sínú ọkọ̀ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi? Mo mọ̀. Mo rò pé òun ló ní kẹ́ ẹ pa á ni. Mo rò pé nítorí pé obìnrin ni mo bí."

Ìyá Gan gan-an gbé ọwọ́ bo ẹnu. Tan kò mọ bí Suqin ṣe dìde. Nígbà tó máa wò ó, obìnrin náà ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ ìbosẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, fóònù sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ obìnrin? Ìwọ, kí ni mo bí? Ewúrẹ́?"

"Ẹ ò pè mí, Mámà. Ọdún kan ààbọ̀."

"Ìwọ náà ò pè mí."

"Mò ń pè. Bàbá ní ẹ ń sùn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé ẹ ń sùn."

"Èmi? Sùn?"

Ohùn Suqin gba yàrá náà kan, ó jáde sí títì. Ó ń sunkún, ó ń jà, Ruohe ń jà padà, ọmọ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gba ẹkún lẹ́nu wọn. Lójú Tan, ìwọ̀nba èémí tó kù nínú obìnrin yìí ló ń ná dànù yìí. Tan na ọwọ́ láti gba fóònù náà. Caiping bọ́ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ lọ wọn egbò."

Tan lọ. Dúrọ́ọ̀ igba ló wà lára ògiri ilé ìtajà náà láti ilẹ̀ dé òkè, gbogbo orúkọ tí bàbá rẹ̀ kọ sí wọn lára ni ọwọ́ ti nù tán. Ó fa ọ̀kan, èèpo igi ló bá. Ó fa òmíràn, ó bá awọ kòkòrò gbígbẹ. Ó fa ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ogójì ọdún ló ti ń kọ chaihu sórí bébà, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un rí: Suqin ló ń mú un, lẹ́yìn àárẹ̀ rẹ̀, ọmọṣẹ́ kan tí kò tíì dé láàárọ̀ yìí ni.

"Ìlà keje, ìkẹta láti ọ̀tún," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí láti inú yàrá. "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí, Ruohe. Bàbá rẹ ni. Kò mọ ibi tí chaihu wà nínú ilé ara rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí àga ọparun ké. Suqin ti jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Caiping sì dì í léjìká mú. Ṣùgbọ́n fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún ẹ?" ló ń bi ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ ìdáhùn. "Màá ti dé kó tó dìgbà yẹn. Bí mi ò bá lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, màá dùbúlẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ló máa gbé ẹrù mi."

Tan yíjú padà, ó ya ẹnu láti sọ pé ara rẹ̀ kò le, kò lè rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó fa àtẹ̀gùn náà sún mọ́ ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà lọ sókè.